Kì í Ṣe Sìkúrù Ló Ń Di Lẹbẹ Mú

Láàárín àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun, àti láàárín ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún pátákó náà ṣe, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Wọ́n ní sìkúrù ló di lẹbẹ tó ṣeé yọ mú, pé bí sìkúrù bá ṣe le tó ni lẹbẹ á ṣe dúró tó. Bí lẹbẹ bá wá ń mì, wọ́n á ki àlẹ́ńkíì bọ sìkúrù, wọ́n á fún un. Bó bá tún mì, wọ́n á tún fún un. Níkẹyìn, eyín sìkúrù á họ ike inú àpótí lẹbẹ, ìyẹn ihò tí lẹbẹ ń wọ̀ lára pátákó, dànù, wọ́n á wá ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fáwọn. Ó yé mi bí àṣìṣe yìí ṣe wọlé. Nínú gbogbo ètò náà, sìkúrù nìkan ni ọwọ́ ẹni ń yí, ohun téèyàn bá sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí lèèyàn máa ń ka iṣẹ́ sí lọ́rùn.

Fún ẹni tí kò rí i rí, lẹbẹ ni ohun pẹlẹbẹ ẹlẹ́nu tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ pátákó lápá ìdí, tó ń rì sínú omi bí pátákó bá ń sáré lórí ìgbì. Kò ti pátákó síwájú, ìgbì ló ń ṣe ìyẹn. Tirẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ìdí pátákó máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láyé àtijọ́ ní Hawaii, ẹni tí pátákó rẹ̀ bá fẹ́ yọ̀ máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ omi lẹ́yìn láti fi darí rẹ̀. Ọdún 1935 ni Tom Blake, ọmọ Amẹ́ríkà, yọ irin abẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ti pa tì, tó sì kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ pátákó rẹ̀ ní Waikiki. Nígbà tí aṣọ fáíbà àti résìn dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n lẹ lẹbẹ mọ́ pátákó, tí kò sì ní í kúrò mọ́.

Àwọn kan tún rò pé nígbà tí ètò lẹbẹ tí wọ́n ń pè ní FCS jáde ní Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni aráyé kọ́kọ́ ní lẹbẹ tó ṣeé yọ. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Tom Morey, ẹni tó wá ṣe Boogie Board, pátákó kékeré tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé, ní 1971, ti ń ta lẹbẹ tó ṣeé yọ ní California. Àpótí gígùn tí lẹbẹ kan ṣoṣo ń rìn síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀ náà ti gbòde ṣáájú 1980. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé Simon Anderson, ọmọ Ọsirélíà tó ń gun ìgbì, fi pátákó onílẹbẹ mẹ́ta gba ìdíje Bells Beach ní 1981, tí gbogbo ayé sì tẹ̀lé e. Lẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pa mọ́ pátákó kan jẹ́ ìyọnu gidi fún ẹni tó fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ètò tó máa jẹ́ kí lẹbẹ kéékèèké mẹ́ta ṣeé yọ, láì fi bẹ́ẹ̀ fi kún ìwọ̀n pátákó, ni FCS wá gbé jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó wà lórí pátákó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìgbì, tó sì yí padà lójijì. Ẹ̀gbẹ́ ni omi ti ń ti lẹbẹ. Lẹbẹ pátákó kékeré sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 11 tàbí 12 láti ìdí dé ṣóńṣó. Ká ní agbára tí omi fi tì í tó ìwọ̀n kílò 20, tí àárín ìtì náà sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí pátákó. Ìdí lẹbẹ tó wọnú àpótí kì í sábà tó sẹ̀ǹtímítà 2. Nínú àyè kékeré yẹn, ojú méjì ni ògiri àpótí ti gbọ́dọ̀ ti ìdí lẹbẹ padà: lẹ́nu àpótí lápá kan, nísàlẹ̀ àpótí lápá kejì. Bí ojú méjèèjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 jìnnà síra, ohun tí ògiri ìsàlẹ̀ máa gbà á tó kílò 100, ti ẹnu àpótí á sì tó 120. Ìlọ́po márùn-ún àti mẹ́fà ohun tí omi fi ti lẹbẹ nìyẹn, gbogbo rẹ̀ lórí ike àti fóòmù tó yí i ká.

Sìkúrù kọ́ ni olórí ibi tí agbára yìí ń gbà. Nínú ètò FCS àkọ́kọ́, ìdí lẹbẹ ní etí méjì, etí kọ̀ọ̀kan sì ń wọ ihò tirẹ̀. Sìkúrù kékeré tí kò lórí ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní dídàgẹ̀rẹ̀, tó ń tẹ etí náà mọ́ ògiri kejì. Ike ni eyín ihò rẹ̀. Nínú ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Futures, ìdí lẹbẹ jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ, sìkúrù kan ṣoṣo ló sì wà níwájú, tó ń tì í sẹ́yìn àti sísàlẹ̀ kí ìparí rẹ̀ lè kọ́ sábẹ́ ètè àpótí. Ti pátákó gígùn, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń rìn nínú ọ̀nà àpótí, tí sìkúrù iwájú lẹbẹ ń wọnú rẹ̀, pín-ìn kan á sì di ẹ̀yìn mú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ìtì ẹ̀gbẹ́ ń ti ara ìdí lẹbẹ bọ́ sára ògiri ni. Àáké àwọn baba wa rí bẹ́ẹ̀: irin rẹ̀ gba inú orí igi kọjá, kò sí ìṣó, kò sí sìkúrù, bó bá sì ṣe wọnú igi dáadáa tó ló ṣe ń la igi tó.

Ẹni tí ìṣirò yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè wo FCS II tó jáde ní 2013. Wọ́n máa ń ki iwájú lẹbẹ bọ ihò, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dún páá, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè fi sìkúrù sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi sí i, wọ́n sì ń gun ìgbì ńláńlá. Ká ní sìkúrù ni òpómúléró ni, ètò yẹn kì bá ti kọjá òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kí n má sọ ọ́ di àsọdùn ṣá o. Sìkúrù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbì máa ń yí pátákó po, iyanrìn a máa gbá lẹbẹ, ẹsẹ̀ ẹni pàápàá a máa kọ lù ú. Nígbà tí nǹkan bá ń fa lẹbẹ jáde tààrà kúrò nínú ihò, sìkúrù ló ń dá a dúró. Nínú FCS àkọ́kọ́, ó tún ń gba àlàfo fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá wà láàárín etí àti ògiri. Àlàfo fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wí. Bí àlàfo bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi kékeré kan ṣoṣo ni ẹnu sìkúrù ń tẹ̀, lẹbẹ á máa fi ibẹ̀ ṣe ibi tó ti ń yí, àwọn etí rẹ̀ á sì máa lu ògiri lọ́tùn-ún lósì títí àpótí á fi sán.

Inú pátákó gan-an ni okun wà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àpótí sí i. Fóòmù rọ̀, èékánná lásán lè wọnú rẹ̀. Aṣọ fáíbà tó bò ó ló le. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ àyè àpótí Futures sínú fóòmù kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó: aṣọ ìsàlẹ̀ pátákó á gba orí ètè àpótí kọjá, résìn á so àwọn méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi sánńpépà ṣí ẹnu àpótí padà. Bí lẹbẹ bá ti àpótí, gbogbo awọ ìsàlẹ̀ pátákó ló ń bá a gbé ẹrù náà. Àwọn ihò FCS àtijọ́ ní tiwọn, ẹ̀yìn tí pátákó ti gbẹ ni wọ́n máa ń fi dírílì gbẹ́ ilé wọn, tí wọ́n á da résìn yí wọn ká. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá kánjú, tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sínú résìn, ihò náà á jókòó sórí òfìfo, ojú kò sì ní rí i.

Irú fóòmù náà tún ń fa wàhálà. Résìn polyester a máa jẹ fóòmù polystyrene bí ẹni da epo sí i, epoxy ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀. Epoxy náà, bí wọ́n bá dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a máa gbóná débi tí yóò fi yọ́ fóòmù tó yí àpótí ká. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dà á. Mo ti rí àpótí tó dúró rekete lójú, tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gé pátákó náà, ihò tó gba ìka méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay, létí òkun Èkó, mọ̀ pé òkè òkun ni lẹbẹ ti ń wá, àti pé lẹbẹ FCS kò wọ àpótí Futures. Nítorí náà, ó wúlò kéèyàn mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀. Aṣọ fáíbà ni wọ́n ń tò léra lórí gíláàsì tàbí tábìlì dídán, ọgbọ̀n ìpele tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí résìn rin ìpele kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ á fi nípọn tó ìdí lẹbẹ. Bó bá gbẹ, wọ́n á ya àwòrán lẹbẹ sí i pẹ̀lú etí ìdí rẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fáílìn họ ọ́ kó lè tín-ín-rín lápá ẹ̀yìn, kó sì rí roboto níwájú. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà nìyí. Bí ẹ̀rọ ṣe ń họ ọ́, àwọn ìpele aṣọ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà wọn á sì máa yí ara wọn ká lójú lẹbẹ. Bí ìlà náà bá dọ́gba lápá méjèèjì, lẹbẹ àárín ti dọ́gba nìyẹn. Ti ẹ̀gbẹ́, ojú inú rẹ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ìta nìkan ló ń yọ. Ibi tí ìlà bá ti wọ́ ni ọwọ́ ti wúwo jù. Ẹ fi nǹkan bo imú o. Eruku fáíbà kò ṣeé fà símú, ó sì ń yún ara fún ọjọ́ méjì.

Etí ìdí ni ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ kàn. Ẹ gé e kó fi díẹ̀ ju ihò lọ, kẹ́ ẹ wá fi sánńpépà tí ẹ tẹ́ sórí pákó pẹlẹbẹ fà á, kẹ́ ẹ máa dán an wò. Ó yẹ kó jẹ́ pé àtàǹpàkò ló máa tì í wọlé, kó má ṣe jábọ́ bí ẹ bá dojú pátákó dé, láìtíì fi sìkúrù kankan sí i.

Àyẹ̀wò kan náà ló tọ́ fún lẹbẹ àtijọ́ tó ń mì. Ẹ tú sìkúrù rẹ̀ kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ di ṣóńṣó lẹbẹ mú, kẹ́ ẹ mì í jẹ́jẹ́, kí ojú yín wà lára ìdí rẹ̀. Bí lẹbẹ bá ń mì tí àpótí dúró, etí ìdí ló tín-ín-rín jù: ẹ fi résìn lẹ aṣọ fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ ọn, kó gbẹ níta, kẹ́ ẹ fi sánńpépà fà á títí á fi bá ihò mu. Bó bá jẹ́ pé àpótí àti lẹbẹ jọ ń mì, tàbí tí ẹ rí ìlà tó tín-ín-rín bí irun tó yí àpótí ká, omi iyọ̀ ti ń wọ inú fóòmù. Ẹ má gbé pátákó náà padà sómi. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, kí wọ́n họ résìn àtijọ́ kúrò, kí wọ́n sì tún gbé àpótí sí i.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá dúró, ẹ ki apá gígùn àlẹ́ńkíì bọ sìkúrù, kẹ́ ẹ fi ìka méjì yí apá kúkúrú rẹ̀. Bó bá ti kọ̀ fún ìka méjì, ó tó.