Tírè, Ìlú Tí Òkun Ṣe Odi Fún

Orí erékùṣù kékeré kan, tí kò jìnnà tó kìlómítà kan sí etíkun Lẹ́bánónì, ni àwọn ará Fòníṣíà kọ́ Tírè sí. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ ọ́n: Hírámù ọba rẹ̀ ló fi igi kédárì ránṣẹ́ sí Sólómọ́nì fún iṣẹ́ tẹ́ḿpìlì. Òkun ni oko wọn, òkun náà ni odi wọn.

Ìgbín òkun ló sọ ìlú náà di olówó. Omi díẹ̀ wà nínú ìgbín yìí tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn àti oòrùn bá kàn án, á di àwọ̀ elése àlùkò tí kì í ṣí lára aṣọ. Ní 1909, onímọ̀ kẹ́míkà Paul Friedländer lo ìgbín 12,000, síbẹ̀ aró tó rí nínú rẹ̀ kò pé gíráàmù kan ààbọ̀. Ta ni ì bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ọba àti ìjòyè? Strabo, òǹkọ̀wé ayé ìgbàanì, ní ibi ìpaláró pọ̀ débi pé Tírè kò dùn ún gbé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni owó ìlú ti ń wá.

Ọkọ̀ wọn ń ná Sípéènì nítorí fàdákà, wọ́n sì tẹ Gádírì dó níbẹ̀, ìyẹn Cádiz òde òní. Ìtàn sọ pé ní nǹkan bí 814 kí a tó bí Jésù, Elissa ọmọ ọba Tírè sá kúrò nílé lọ tẹ Carthage dó ní Tùnísíà. Lọ́wọ́ àwọn ará Fòníṣíà ni àwọn Gíríìkì ti kọ́ lẹ́tà, láti ibẹ̀ ni ABD tí a fi ń kọ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Èyí ju gbogbo aṣọ elése àlùkò lọ lójú tèmi.

Ọdún 13 ni Nebukadinésárì ọba Bábílónì fi dó ti Tírè, kò rí erékùṣù náà fọ́. Ní 332 kí a tó bí Jésù, Alexander ọba Masidóníà dé, ó ní òun fẹ́ rúbọ sí Melqart, òrìṣà ìlú, nínú tẹ́ḿpìlì rẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọn kò fẹ́ kí ọmọ ogun kankan wọlé. Ló bá wó Tírè Àtijọ́ tó wà lórí ilẹ̀, ó ń kó òkúta àti igi rẹ̀ dà sómi láti fi la ọ̀nà dé erékùṣù. Àwọn ará Tírè kó ohun tó ń jó kún ọkọ̀ kan, wọ́n tiná bọ̀ ọ́, wọ́n sì tì í lu iṣẹ́ náà. Ilé ìṣọ́ Alexander jóná. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀nà náà fẹ̀ sí i.

Síbẹ̀, ọ̀nà yẹn nìkan kọ́ ló ṣẹ́ Tírè. Sídónì, tó jẹ́ ará Fòníṣíà bíi tiwọn, àti àwọn ọba Kípírọ́sì kó ọkọ̀ ogun tó lé ní 200 wá bá Alexander. Nígbà tí òkun bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, odi wó lẹ́yìn oṣù méje. Òpìtàn ìgbàanì kan ní nǹkan bí 30,000 èèyàn ni wọ́n tà lẹ́rú.

Iyanrìn kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà títí erékùṣù fi so mọ́ ilẹ̀, bó ṣe wà títí dòní. Tírè padà rówó lábẹ́ Róòmù, ṣùgbọ́n Alẹkisáńdíríà, ìlú tí Alexander fúnra rẹ̀ tẹ̀ dó, ti gba púpọ̀ nínú òwò rẹ̀. Àwọn Ajagun Àgbélébùú, ọmọ ogun Kristẹni láti Yúróòpù, gbà á ní 1124. Ní 1291 àwọn Mamluk tó ń ṣàkóso Íjíbítì lé wọn jáde, wọ́n sì wó ìlú náà palẹ̀.