Imú Ni A Fi Ń Mọ Àìsàn Iná

Bí iná ìdáná bá ń rùn, àwa tí a ń tún un ṣe ní Ìlobù kì í kọ́kọ́ mú sípánà. Imú ni a kọ́kọ́ ń lò. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, òun náà sì ti mọ̀ ọ́n kí gáàsì tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Nígbà ààrò, kò sí ẹni tó ń fi títún iná ṣe jẹun. Ìyá bàbá mi ló ń dá ẹjọ́ iná ilé rẹ̀. Èéfín tó ń ta ojú, igi tútù ni. Òórùn irun jíjóná, ìyẹ́ adìẹ ti bá igi wọlé. Èésan, èèpo ẹkùrọ́, ló fẹ́ràn jù fún ìkòkò ńlá nítorí ooru rẹ̀ kì í tètè lọ, àmọ́ òórùn àdín inú rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Reluwé dé Òṣogbo ní 1907, Òṣogbo kò sì jìnnà sí wa. Kẹrosíìnì inú garawa wà lára ọjà tó ń gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Fìtílà ló kọ́kọ́ ń mu ún, sítóòfù olówùú dé lẹ́yìn rẹ̀. Garawa òfìfo kì í ṣòfò: àwọn alágbẹ̀dẹ páànù ń gé e, wọ́n ń fi ṣe àtùpà tuntun.

Ìdí sítóòfù yìí ni ọgbọ́n imú ti jinlẹ̀. Bàbá mi a ní kí oníbàárà tàn án, a dákẹ́, a fa imú. Bí òórùn kẹrosíìnì tútù bá ta sókè kí iná tó mú, epo ń jò nídìí ọpọ́n, tàbí wọ́n ti rọ ọ́ kún jù. Òórùn aṣọ jíjóná, òwú ti kúrú, kò kan epo mọ́, òwú fúnra rẹ̀ ló ń jó. Èéfín dúdú tó ń ba ìdí ìkòkò jẹ́, òwú kan ti ga ju àwọn yòókù lọ. Tó bá ń ta pàpà, omi ti wọ inú epo. Nígbà mìíràn, òkú èkúté ni: sítóòfù tí wọ́n ti gbé sí kọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, eku ti wọ abẹ́ rẹ̀ kú. Ìyẹn kò gba ọgbọ́n, títú palẹ̀ ló gbà.

Òórùn kan wà tí kì í jẹ́ kí bàbá mi ṣá ìṣáná: òórùn bẹntiróòlù. Ní 2001, kẹrosíìnì àbùlà bú gbàmù mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ó sì jó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà, kò sí epo tí kì í kọ́kọ́ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀, ì báà jẹ́ epo ìyàwó rẹ̀.

Gáàsì yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 2007, nígbà tí ilé-iṣẹ́ NLNG bẹ̀rẹ̀ sí í ta gáàsì ìdáná sínú Nàìjíríà, ohun olówó ni lójú wa. Lónìí, láti Ìlobù àti Ìfọ́n ni wọ́n ti ń pè mí sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi kò mọ̀ ni pé gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, 1937, gáàsì jò sí abẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas, Amẹ́ríkà. Kò sí òórùn tí yóò ta wọ́n lólobó. Ó bú gbàmù, ó pa nǹkan bí 300 ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣòfin ní Texas pé kí wọ́n máa fi ohun tó ń rùn sínú gáàsì. Mercaptan ni wọ́n ń fi sí tiwa, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá wọ ilé ìdáná tí wọ́n ti fín lọ́fínńdà láti fi bo òórùn yìí mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ló kú kí ó tó dé inú sìlíńdà wa.

“Ìyá, ẹ pa á, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì.” Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí, nítorí náà ilẹ̀ ni mo ti máa ń fi imú wá a. Omi ọṣẹ ló kàn: mo máa ń fi pa ẹnu sìlíńdà, rẹgulétọ̀ àti rọ́bà, ibi tó bá ń hó ló ti ń jò. Rọ́bà tó ti gbẹ tó sì ti sán ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan á ní ìgbà tí gáàsì bá fẹ́ tán nìkan ló ń rùn. Òótọ́ ni, mercaptan kì í tètè bá gáàsì jáde, ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù sí. Síbẹ̀, mo máa ń po omi ọṣẹ mi.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo wọn lọ ni èédú. Gáàsì ti wọ́n, àwọn ilé kan ti padà sí àdògán, bí ọyẹ́ bá sì dé, àwọn mìíràn á gbé e wọ yàrá kí ara wọn lè móoru. Carbon monoxide tó ń jáde lára èédú kì í rùn, kò sì sí ẹni tó bá wa fi òórùn sí i. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tu ú jáde. Orí fífọ́ àti èébì ni àmì rẹ̀, àwọn ará ilé á sì rò pé ibà ni, wọ́n á lọ sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àdògán wá fún mi láti jó irin rẹ̀ pọ̀, kí n tó dá owó lé e, mo máa ń bi í pé níbo ló ń gbé e sí lálẹ́.