Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Òtútù Àyà

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n," ni àwọn àgbà wí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọ̀lẹ; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé aláìlera gan-an ni a ń gbà níyànjú, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lè dúró títí ìbọn yóò fi dún kí ó tó sá, ṣùgbọ́n arọ gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ ọjọ́ ìjà tó mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn rí, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá bá dé, fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára àtibá àrùn jà: ẹni tí ó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, ẹni tí ó ní kòkòrò HIV, àti abirùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í ṣe gágá nìkan ní í pani. Kòkòrò kan tí a ń pè ní pneumococcus, tí Pasteur ní ilẹ̀ Faransé àti Sternberg ní Amẹ́ríkà rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1881, a máa gbé jẹ́ẹ́ nínú imú àwọn tí ara wọn le, pàápàá àwọn ọmọdé. Bí gágá bá sì ti ba inú ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, a sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Aláìsàn á ní ara òun ti ń yá. Lọ́jọ́ kejì, ibà á padà pẹ̀lú òtútù, ìhà á máa gún un, ó sì lè máa tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ìpẹtà.

Irú òtútù àyà báyìí ni ó pa púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àjàkálẹ̀ gágá ọdún 1918 pa, èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹlẹ́sìn tí a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye fi àdúrà dojú kọ ọ́, èmi kò sì jẹ́ bá wọn wí, nítorí àwọn dókítà pàápàá kò ní oògùn kan tí ó ràn án.

Ṣùgbọ́n ní 2009, nígbà tí àjàkálẹ̀ gágá tuntun kan dé, ìró ogun ti ṣáájú ogun. Nínú ẹni 77 tí gágá náà pa ní Amẹ́ríkà, tí a yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò, 22 ní kòkòrò mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, pneumococcus sì ni ti ẹni 10. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gágá náà kò jáde títí di oṣù Kẹwàá, bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ òtútù àyà, tí ń gbógun ti ẹ̀yà 23 nínú kòkòrò yìí, ti wà nílẹ̀ láti 1983! Àwọn aláṣẹ ìlera rán àwọn dókítà létí rẹ̀. Ó dùn mí pé ìránnilétí ni ó gbà.

Abẹ́rẹ́ yìí a máa gba bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó rinlẹ̀ lára, ara tí kò lágbára kì í sì í jẹ àǹfààní rẹ̀ tó ara líle. Nítorí náà, ìdádúró kò yẹ aláìlera. Ọ̀ràn yìí kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí fòníkú-fọ̀ladìde a máa ba ẹ̀yà ara tí ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, lábẹ́ ìhà òsì, jẹ́ láti kékeré. Láti ìparí 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìkókó ní irú mìíràn nínú abẹ́rẹ́ òtútù àyà, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá; abirùn tí ó ti dàgbà ṣáájú ìgbà náà kò bá a pàdé, òun ni ó yẹ kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè. Bí a bá sì fẹ́ yọ ẹ̀yà ara yẹn fún ẹnikẹ́ni, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí ó ti gba abẹ́rẹ́ náà.