Ọjọ́ Orí Ilé Ìjọsìn: Ṣọ́ọ̀ṣì Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìfọ́lé Ọdún 1867 àti Ìtumọ̀ Ohun Àtijọ́

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ilé ìjọsìn onígbàgbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1846 tí ìjọ Aké fìdí múlẹ̀ títí di ọdún 1898 tí wọ́n kọ́ ilé tó ń jẹ́ Kàtídírà Pétérù Mímọ́ lónìí. Ó jiyàn pé ilẹ̀ tí ilé ìjọsìn dúró lé, ìlú tó fún un ní ilẹ̀ àti ìjọ tó ń tún un kọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ka ọjọ́ orí rẹ̀, kí ògiri tó tẹ̀ lé e. Ìfọ́lé ọdún 1867 ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún àbá yìí. Àpilẹ̀kọ náà parí lórí ohun tí àbá náà béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìfáàrà

Ìdáhùn méjì ló wà fún ẹni tó bá béèrè ọjọ́ orí ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké. Àwọn kan ń ka á láti 1846, nítorí ọdún náà ni àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Àwọn mìíràn ń ka á láti 1898, nítorí ọdún náà ni wọ́n kọ́ ilé tí ojú ń rí níbẹ̀. Ọdún 52 ló wà láàárín ìdáhùn méjèèjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí ni kò dọ́gba.

Ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, òkúta ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Abúlé púpọ̀ wà níbẹ̀ tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá tàbí ìkejìlá. Ní 1834, ìjọba ibẹ̀ fi Prosper Mérimée ṣe olùbẹ̀wò àwọn ohun ìrántí àtijọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rin ìrìn àjò kiri, kí ó wo ògiri, kí ó sì sọ èyí tó yẹ ní àtúnṣe. Nígbà tó di 1840, wọ́n fi àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Vézelay lé Viollet-le-Duc lọ́wọ́. Síbẹ̀, òkúta náà kì í ṣe ohun tí kì í bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Cluny tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1088 di ohun títà lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó rà á wó o, wọ́n sì ta òkúta rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù.

Nǹkan bí ìgbà tí Mérimée bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni àwọn ará Òwu ń bá àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀. Èyí ni pé nígbà tí ìjọba Faransé ń ka òkúta àtijọ́, àwọn ènìyàn tí ogun ti wó gbogbo ògiri wọn ló ń tẹ Abẹ́òkúta dó. Kò lè jẹ́ ògiri ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò fi ka ọjọ́ orí ohun mímọ́ rẹ̀.

Ìlú tí a tún tẹ̀

Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, èyí tó fọ́ Òwu, fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó pẹ̀lú. Ní 1830, àwọn tó ṣẹ́kù kóra jọ sí abẹ́ Olúmọ. Wọn kò wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní orúkọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀, Ògbóni rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀ wá. Aké, Ìkijà, Ìgbẹ̀ìn, Ìgbórè, Ìtòkò àti àwọn yòókù di àdúgbò nínú ìlú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìlú ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn. Ilédì tí wọ́n kọ́ ní ibùdó tuntun kì í ṣe ilédì tuntun lójú àwọn tó ni í. Amọ̀ rẹ̀ tuntun. Àṣẹ inú rẹ̀ ni kò tuntun.

Bákan náà ni pẹ̀lú Olúmọ. Àpáta tó fi ihò rẹ̀ ṣe ibi ààbò fún wọn di ojúbọ, ẹbọ ìlú sì ń wáyé níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ògiri ojúbọ náà kó tó di mímọ́; ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti àwọn ènìyàn tó ń ṣe ìrántí rẹ̀ ló sọ ọ́ di mímọ́. Inú ìlú tó ti ń lo ìwọ̀n yìí ni ẹ̀sìn onígbàgbọ́ bá ara rẹ̀. Àwọn mùsùlùmí náà kọ́ mọ́ṣáláṣí sí àdúgbò wọn kí wọ́n tó máa pàdé ní mọ́ṣáláṣí gbogbo gbòò tó wà ní Kóbìtì.

Ilé amọ̀ àti ilẹ̀ onílùú

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì gbé lọ sí Sierra Leone, ti ń padà sí Abẹ́òkúta láti ìparí àwọn ọdún 1830. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìsìn náà wọlé. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Kejìlá 1842. Henry Townsend ti C.M.S. dé ní oṣù Kìn-ín-ní 1843, pẹ̀lú Andrew Wilhelm Désàlú, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sierra Leone bọ̀. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí Townsend fi máa padà wá láti jókòó, Ṣódẹkẹ́ ti kú ní 1845, ọ̀nà kò sì dán mọ́rán. Àgbádárìgì ni òun àti Samuel Ajayi Crowther ti dúró títí di àárín ọdún 1846. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Crowther pàdé Àfàlà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ní oṣù Kejì 1848, ìyá náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta.

Ibi tí àwọn ajíhìnrere wọ̀nyí kọ́lé sí ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ. Townsend wà ní Aké, Crowther ní Ìgbẹ̀ìn, Müller ní Ìkijà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń gba àlejò tirẹ̀, tó sì ń fún un ní ilẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọ inú ètò tí ilédì àti ojúbọ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó di ohun ìní ìlú kan pàtó. Títí di òní, orúkọ àdúgbò ni àwọn ènìyàn fi ń pe ìjọ púpọ̀ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó rántí orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́.

Amọ̀ ni ògiri, koríko ni òrùlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ní ìpele ìpele, tí ìpele ìsàlẹ̀ yóò gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí wọn kò bá pààrọ̀ koríko orí rẹ̀ lásìkò, omi yóò jẹ orí ògiri, ilé yóò sì wó. Nítorí náà, ilé amọ̀ tó bá pẹ́ jẹ́ ẹ̀rí àwọn ọwọ́ tí kò fi í sílẹ̀. Ilé òkúta lè dúró lẹ́yìn tí àwọn tó kọ́ ọ ti gbàgbé rẹ̀. Ilé amọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìjọ ni àwọn ènìyàn. Ilé ìjọsìn ni ibi tí wọ́n ń pàdé. "Ṣọ́ọ̀ṣì" ló ń da méjèèjì pọ̀. Àríyànjiyàn lórí ìlú tó kọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà, láàárín Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, dúró lórí ìdàpọ̀ yìí. Àgbádárìgì ń tọ́ka sí ìwàásù abẹ́ igi Agíyà ní 1842, igi tó wó ní 1959. Aké ń tọ́ka sí ìjọ tó fìdí múlẹ̀ lórí ilẹ̀ kan tí kò sì kúrò níbẹ̀.

Ìfọ́lé

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àárín wọn àti àwọn Ẹ̀gbá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà òwò, owó ibodè àti ààlà ilẹ̀ ló fà á. Àwọn olóyè Ẹ̀gbá àti ẹgbẹ́ ìṣèjọba tí George William Johnson dá sílẹ̀ ní 1865 rí i pé Gómìnà Glover fẹ́ nawọ́ wọ ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 1867, wọ́n fòfin de ìsìn. Àwọn ènìyàn ya bo ilé ìjọsìn àti ilé àwọn ajíhìnrere, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ìwé jẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti ń gbé Ìwé Ìròyìn jáde láti 1859 lọ síbẹ̀. Àwọn ajíhìnrere òyìnbó kúrò ní ìlú.

Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́, tàbí sí ìjà òṣèlú lásán. Orúkọ tí àwọn Ẹ̀gbá fún un tọ́ka sí nǹkan mìíràn. Wọn kò pè é ní ogun, wọn kò sì pè é ní ìlélọ. Ìfọ́lé ni wọ́n pè é. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ayé àtijọ́, bí àwọn aláṣẹ bá dá onílé kan lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, wọ́n lè rán ènìyàn lọ kó ilé rẹ̀. Ìdájọ́ lórí baálé ni. Bí a bá fi ojú yìí wo 1867, a ó rí i pé àlejò tí ìlú ti fún ní ilẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́jọ́, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n fọ́ láti fi hàn pé àṣẹ àlejò náà kò sí mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ti ìtumọ̀ yìí lẹ́yìn. Bí òyìnbó ti lọ, ìjọ kò lọ. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó jẹ́ onígbàgbọ́ ló ń bójú tó o, lára wọn John Okenla tó jẹ Balógun àwọn onígbàgbọ́ títí ó fi kú ní 1882. Oyè ogun ni Balógun. Ìjọ tó bá ti ní Balógun ti gba ètò ìlú sínú ara rẹ̀. Ní 1877, C.M.S. fi James Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà. Ilé fọ́, baálé ló yí padà.

Ìjọ tó kó lọ àti ìjọ tó kó bọ̀

Àwọn onígbàgbọ́ tó sá kúrò ní 1867 gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Glover ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, ibi tí wọ́n ń pè ní Àgó Ẹ̀gbá. Wọ́n ṣe níbẹ̀ ohun tí àwọn bàbá wọn ti ṣe lábẹ́ Olúmọ: wọ́n gbé orúkọ àti ìsìn wọn lọ, wọ́n sì tún ilé kọ́. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn ará Ìjàyè ti sá wá sí Abẹ́òkúta, àwọn onítẹ̀bọmi sì wà láàárín wọn. Wọ́n tẹ àdúgbò Ìjàyè dó. Ẹni tó bá wá ìtàn ìjọ onítẹ̀bọmi àdúgbò yìí lára ògiri nìkan yóò pàdánù apá kan rẹ̀ ní ìlú tí ogun ti pa run.

Ilé ọdún 1898

Ọdún 1898 tí wọ́n kọ́ ilé Pétérù Mímọ́ jẹ́ ọdún pàtàkì ní Abẹ́òkúta. Ọdún náà ni Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní di Aláké, ọdún náà sì ni ìjọba àpapọ̀ Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ àdéhùn 1893 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá dúró. Òmìnira náà wà títí di 1914. Ọdún 31 péré lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ìlú fọ́ ilé amọ̀, ilé ìjọsìn tó nípọn dìde ní Aké, ìlú Aláké gan-an, lábẹ́ ìjọba Ẹ̀gbá tí àwọn onígbàgbọ́ yóò kópa ńlá nínú rẹ̀. Ilé yìí kò sọ pé ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ pé ìjọ àti ìlú ti parí ìjà wọn.

Àwọn tó wá láti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta náà bá ìwọ̀n yìí pàdé. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ S.M.A., ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, dé Abẹ́òkúta ní 1880. Ohun tí ìlú fi ń rántí Jean-Marie Coquard láàárín wọn ni ilé ìwòsàn Láńtòrò. Láti 1895 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, láìbéèrè ilé tó pẹ́ jù nínú ọgbà náà.

Ohun tó yẹ ní títọ́jú

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọgbọ́n lásán. Bí ògiri nìkan bá jẹ́ ìwọ̀n, kò ní sí ohun tó yẹ ní ìtọ́jú níbi tí ilé amọ̀ ti wó, ilédì tí wọ́n fi páànù tún bò kò ní jọ ohun àtijọ́ lójú ẹnikẹ́ni, ìjọ tó bá sì ní ilé ọgọ́rùn-ún ọdún kò ní ṣe ju kí ó fi odidi rẹ̀ pamọ́ tàbí kí ó wó o pátápátá kọ́ èyí tó tóbi lọ. Bí ilẹ̀, ìlú àti ìjọ bá wà nínú ìwọ̀n náà, iṣẹ́ pọ̀ sí i. A ó ní láti sàmì sí ibi tí ilé àkọ́kọ́ wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí a tọ́jú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó, kí a kọ orúkọ àwọn kápẹ́ńtà àti bíríkìlà sílẹ̀ níbi tí a bá ti rí wọn, kí a sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà lórí ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Àbá yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti wó ilé. Ẹni tó bá ní ìjọ ni ó ṣe kókó, nítorí náà kí ògiri máa lọ, kò tíì ka ìtàn 1867 dáadáa. Àwọn tó fọ́lé nígbà náà mọ̀ pé ògiri ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọ́ ọ. Ilé ọdún 1898 ń sọ̀rọ̀ bákan náà. Ohun tí a béèrè ni pé kí á má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn méjèèjì tí a ń gbọ́ ní Aké dúró ṣinṣin. Ọdún 1898 ni ọjọ́ orí ilé. 1846 ni ọjọ́ orí ìjọ lórí ilẹ̀ náà. Láàárín méjèèjì ni ilé amọ̀ wà, tí kò sí mọ́, àti Ìfọ́lé, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà. Àwọn Ẹ̀gbá tó ti fi Aké inú igbó sílẹ̀ tí wọ́n sì tún un tẹ̀ lábẹ́ Olúmọ kò rò pé Aké ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1830. Ìwọ̀n kan náà ló yẹ kí àwọn onímọ̀ fi wọn ilé ìjọsìn wọn.