Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Láàárín Àwa Mùsùlùmí: Ta Ni Ó Múra Sílẹ̀ Dè É?

Níbikíbi tí àwọn èèyàn bá ti péjọ lóde òní, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ: ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ èdè, ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè ní èdè Lárúbáwá bí ẹni pé ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ àáfà rí. Àwọn kan ń bẹ̀rù, àwọn kan ń yọ̀. Àwa tí ń kọ́ ọmọ ní kéú rí i pé ó yẹ kí á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti bá àwọn Mùsùlùmí rí, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé.

Nǹkan bí ọdún 1455 ni Gutenberg parí Bíbélì tí ó tẹ̀ ní ìlú Mainz, nílẹ̀ Jámánì. Kò tó ogójì ọdún sí i tí ẹ̀rọ náà fi dé Istanbul, olú-ìlú ìjọba Ọ́tómánì, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Yahúdi tí wọ́n lé kúrò ní Spéènì ni ó bá dé. Wọ́n tẹ ìwé níbẹ̀ ní 1493. Àwọn ará Àméníà tẹ tiwọn ní 1567, àwọn Gíríìkì ní 1627. Àwọn Mùsùlùmí ìlú kan náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ títí di 1729.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé àwọn àáfà ló dí ọ̀nà, pé Súlútánì kan tilẹ̀ pàṣẹ ní 1485 pé kí wọ́n pa ẹni tí ó bá tẹ̀wé. Ìtàn yìí dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ bú àáfà nínú, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tí ó mú ìwé àṣẹ náà jáde. Ohun tí ó hàn ni pé iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ adàwékọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá tí ń so mọ́ra wọn ṣòro láti fi òjé rọ, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo lè ní ìrísí mẹ́rin. Ẹnu olùkọ́ ni wọ́n sì ti ń gba ìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí.

Ibrahim Müteferrika ni ó rí ọjọ́ iwájú náà kedere. Ọmọ ilẹ̀ Transylvania ni, inú ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni wọ́n bí i sí kí ó tó gba Islam, tí ó sì di òṣìṣẹ́ láàfin. Ní 1726 ó kọ ìwé kékeré kan lórí àǹfààní ìtẹ̀wé. Ó rántí àwọn ìwé tí ó ṣòfò nígbà tí ogun àwọn Mòǹgólì dé, àti nígbà tí Andalus bọ́ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ó ní ìwé yóò pọ̀, yóò sì dínwó, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó yóò lè rí i rà. Sheikhul Islam Abdullah Efendi fún un ní fátúwà pé iṣẹ́ náà tọ́. Súlútánì Ahmed kẹta fún un ní ìwé àṣẹ ní 1727, ó yan onímọ̀ mẹ́rin láti máa yẹ ìwé wò kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó yọ tàfúsíìrì, hádíìsì àti fíkíhù sílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1729. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti kéú dáadáa yóò mọ̀ ọ́n: Sihah ni, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí al-Jawhari ṣe, tí Vankulu yí sí èdè Tọ́kì. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀.

Títí di 1742, oríṣi ìwé 17 péré ni ó ti ilé iṣẹ́ náà jáde. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì tà. Ẹ̀rọ wà, fátúwà wà, àṣẹ ọba wà. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ madrasa pọ̀ gan-an nínú àwọn tí ó mọ̀wé, ìwé tí àwọn yẹn sì ń kà lójoojúmọ́ gan-an ni àṣẹ 1727 yọ sílẹ̀. Ìwé ìtàn àti ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé dára, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wo ni yóò béèrè rẹ̀ nígbà náà?

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní Íjíbítì. Napoleon gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Lárúbáwá wọ ibẹ̀ ní 1798. Nígbà tí àwọn Faransé ń padà lọ ní 1801, wọ́n kó o lọ. Muhammad Ali, tí ó di olórí ilẹ̀ náà ní 1805, kò sáré lọ ra òmíràn. Ní 1815 ó rán Niqula Masabki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Milan, nílẹ̀ Ítálì, kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ilé ìtẹ̀wé Bulaq tó dúró ní Káírò. Ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Ítálì àti Lárúbáwá, jáde ní 1822. Ọ̀rọ̀ ogun ni ó gba Muhammad Ali lọ́kàn, òun fúnra rẹ̀ sì ti dàgbà kí ó tó mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi ìwé ṣe. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ológun sílẹ̀, ó dá ti ìṣègùn sílẹ̀ ní 1827, gbogbo wọn ni ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ Bulaq. Àwọn tí ó kàwé ní al-Azhar ni wọ́n kó wá láti máa tún àṣìṣe ṣe, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe di iṣẹ́ àáfà. Nígbà tí wọ́n sì tẹ Àlùkùráànì Káírò tí gbogbo ayé mọ̀, ní 1924, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé àṣìṣe ti wà nínú àwọn tí wọ́n ń rà wọlé fún ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí ojú wa ń rí ló mú kí á dárúkọ Niqula. A mọ ilé-kéú kan tí ọlọ́rẹ kan gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá fún. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ti yàrá náà pa. Aṣọ ni ó wà lórí wọn títí di ìsinsìnyí, eku sì ti jẹ wáyà. Kò sí ẹni tí wọ́n rán lọ sí Milan. Owó méjì nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ì bá tó rán olùkọ́ kan lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti ń kọ Lárúbáwá, tí ó sì máa ń to ẹsẹ tí kò sí nínú Àlùkùráànì jáde nígbà mìíràn láìmikàn, irú àwọn onímọ̀ mẹ́rin Istanbul àti àwọn ará al-Azhar wọ̀nyẹn ni a ó máa wá. Ọmọ mélòó ni a ní tí ó mọ náhàwù dáadáa, tí ó sì tún mọ inú ẹ̀rọ?

Nílẹ̀ Yorùbá, kéú ti wà tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Wàláà, kálàmù àti tàdáwà ni a fi ń kọ́ ọ. Ní 1859 Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú níṣẹ́ ìtẹ̀wé. Odidi Àlùkùráànì àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá jáde ní 1906. Àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni ó túmọ̀ rẹ̀, Reverend M. S. Cole. A kò bú u, ẹni tí ó ní irinṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó ṣiṣẹ́. Ìtumọ̀ tí àwọn àáfà wa jọ ṣe, ọdún 1973 ni ó tó jáde, ọdún 67 lẹ́yìn ti Cole. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí, Madina ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd tí wọ́n ṣí ní 1984. Àwọn alálàájì ni wọ́n máa ń gbé e bọ̀, tí wọ́n ń pín in ní mọ́ṣáláṣí.