Ríra ilé fún ìyálò: Ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹni tó fẹ́ ra ilé tí yóò máa mú owó wọlé sábà máa ń kọ́kọ́ wo yàrá, ọ̀dà ara ògiri àti iye tí ayálégbé yóò san. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, àti ní Ghana pẹ̀lú, inú ìwé ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé ni ewu tó tóbi jù wà.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, tó sábà máa ń jẹ́ 99, ni olùrà ń rà. Abala 22 òfin náà ní ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ yìí kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi dógò, láìgba àṣẹ. Lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé ìwé ilé kan tí wọ́n fi dógò ní báńkì láìsí àṣẹ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó fi ilé dógò gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. C of O tó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ta ilé kò tíì sọ olùrà di onílé.

Ilẹ̀ ẹbí ní wàhálà tirẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ìdí nìyí tí olùrà tó mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń ní kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé. Yóò gbé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Agbẹjọ́rò tirẹ̀ ni yóò sì yẹ ìwé wò, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ní Àbújá, mínísítà ló ń ṣe iṣẹ́ gómìnà lórí ilẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kéde pé àwọn gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tó lé ní 4,700 padà, nítorí owó ilẹ̀ ọdọọdún tí wọn kò san. Ẹni tó ra ilé láìbéèrè rísíìtì lè jogún irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ní Ghana, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1992 kò gbà kí àjèjì ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ju 50 ọdún lọ. Ọmọ Nàìjíríà tó ń ra ilé ní Accra gbọ́dọ̀ béèrè iye ọdún tó kù lórí ìwé.

Lẹ́yìn ìwé ni ìṣirò. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ilé ọdún kan kì í sábà tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé. Owó ayálégbé nìkan kò lè san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi ń lo owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀.

Bí ayálégbé kò bá sanwó mọ́, lílé e jáde gba àkókò. Òfin ìyálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé ọdọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, àmọ́ òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà yẹn, tí owó lè má wọlé, yẹ kó wà nínú ìṣirò olùrà láti ìbẹ̀rẹ̀.