Díẹ̀ Díẹ̀ Ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọgbà: Ìtàn Ọmọ Tógò Tí Ó Dé Ilẹ̀ Yìnyín

Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dúró sójú kan, Àjàlá ni a ń pè é. Orúkọ ẹni gidi ni. Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Nàìjíríà, gun alùpùpù Vespa la ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ kọjá, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní ọdún 1963. Orin Ebenezer Obey ni ó wá gbé orúkọ náà sí ẹnu tèwe-tàgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn Àjàlá ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa lọ́dún yìí. Ìtàn aládùúgbò wa kan ni, ẹni tí kò ní alùpùpù, tí kò sì ní owó lọ́wọ́, síbẹ̀ tí ó rin ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó rin Yúróòpù, tí ó sì dé òpin àríwá Amẹ́ríkà. Mo yàn án nítorí pé kò sí ẹbí kan láàrin wa lónìí tí kò ní ọ̀dọ́ tí ó ń wá ọ̀nà òkè òkun. Àwọn kan ń ta ilẹ̀ bàbá wọn, àwọn mìíràn ń tọrùn bọ gbèsè, nítorí wọ́n gbà pé owó ni ohun àkọ́kọ́ tí arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ ní. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Tété-Michel Kpomassie ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 1941 ni a bí i ní ilẹ̀ Tógò. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó gun igi àgbọn, ó sì pàdé ejò lókè níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó já bọ́, ara rẹ̀ kò sì dá mọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àwòrò òjòlá nínú igbó mímọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ní owó tirẹ̀: a ṣèlérí pé bí ara ọmọ náà bá le tán, yóò padà wá di ìránṣẹ́ òrìṣà náà.

Ní àkókò tí ó ń gba agbára díẹ̀ díẹ̀ ni ó wọ ilé ìtàwé kan ní Lomé. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí Robert Gessain, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ nípa àwọn ará Greenland, àwọn tí ìwé ìgbà náà ń pè ní Ẹ́skímò, tí àwa ń pè ní Inuit lónìí. Ó rà á, ó sì kà á tán. Ó rí i pé ilẹ̀ náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí igi ńlá kò fi hù níbẹ̀, kò sì sí ejò. Ẹni tí ejò lé bọ́ láti orí igi kò ní ṣàìfẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ọkàn rẹ̀ sì fà sí ibẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi sá kúrò nílé.

N kò yìn ín pé ó fi ilé sílẹ̀ láìdágbére. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni bí ó ṣe ṣètò ìrìn náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó kà. Owó ọkọ̀ láti Tógò dé Greenland kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò yá a. Nítorí náà, ó gé ọ̀nà jíjìn náà sí wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí a bá gé iṣu fún sísè. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, yóò wá iṣẹ́, yóò gbé ibẹ̀ títí yóò fi rí owó ọkọ̀ dé ìlú tí ó kàn, lẹ́yìn náà ni yóò tún di ẹrù rẹ̀. Báyìí ni ó la Gánà àti Ìvórì Kóòsì kọjá títí ó fi dé Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò ní Áfíríkà nìkan kí ó tó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Marseille.

Àwọn ọdún wọ̀nyí kò sì ṣòfò. Ó ń kàwé fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ́ èdè àjèjì. Nígbà tí ó dé Paris, ọkùnrin ará Faransé kan fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mú un bí ọmọ. Láti ibẹ̀ ó gba Jámánì lọ sí Dẹ́nmáàkì, nítorí pé ìjọba Dẹ́nmáàkì ni ó ń ṣe àkóso Greenland. Ní ọdún 1965, ọkọ̀ òkun gbé e láti Copenhagen dé gúúsù erékùṣù náà. Bí ọdún mẹ́jọ ni ó ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kò rí adúláwọ̀ rí. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò dákẹ́ láti wò ó, àwọn ọmọdé kan sì bú sẹ́kún. Síbẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn ilé fi ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó sùn nínú ilé wọn, ó jẹ ọ̀rá àti ẹran ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní seal, ó bá wọn pẹja, ó sì kọ́ bí a ti ń darí àwọn ajá tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó rí ni ó dára: ní àwọn ìlú gúúsù ó rí ọtí àmujù àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà ó tẹ̀ síwájú sí àríwá, níbi tí àwọn ọdẹ kù sí, títí ó fi dé Upernavik, ìlú tí oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù. Níbẹ̀ ni ó gbé lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan, Robert Mattaaq, nínú ilé tí a fi koríko àti ilẹ̀ mọ. Bàbá náà ti lẹ ojú ìwé ìròyìn mọ́ ògiri ilé rẹ̀ káàkiri. Ibẹ̀ ni ibi ìkàwé rẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tí Kpomassie fi gbé Greenland, ó sì fẹ́ràn ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé òun lè gbé ibẹ̀ títí ikú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ìrìn òun jámọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà kò bá gbọ́ nípa rẹ̀? Ó padà. Ní ọdún 1981 ni ìwé rẹ̀, L'Africain du Groenland, jáde ní èdè Faransé, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ní ọdún náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú wa, ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yìí ń sọ. Owó kì í ṣe ẹrù àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀, èdè tí ahọ́n lè sọ, ìwà tí yóò mú kí àlejò di ọmọ ilé, àti sùúrù láti dúró níbi tí owó bá dúró: àwọn wọ̀nyí ni Kpomassie dì sínú àpò rẹ̀. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ láti fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n bí nǹkan kò bá rí bí ó ti rò, kò ní ilẹ̀ tí yóò padà sí. Ẹni tí ó ń lọ ní ìpele ìpele ní ibi tí ó lè dúró sí ní gbogbo ọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ rìn, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò ná yín. Ẹ bi í pé kí ni ó lè ṣe, àti pé kí ni yóò mú bọ̀ wá bá wa. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì, ẹ súre fún un, kí ó máa lọ.